Ṣé Ijó Ọmọ Ìta Ni? Ìtàn Ijó Ìgboro láti Bronx

  Nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ni olóòtú wa sábà máa ń ní kí n kọ̀wé lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi láyè láti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan mìíràn.

Ohun tó fà á kò ṣàjèjì sí àwọn tó wá síbi àríyá ìparí ọdún wa. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti jó, tí a ti náwó fún ara wa tán, àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún bọ́ sí agbo. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ara rẹ̀ ró, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ẹnì kan nínú àwa àgbà ti ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ orin. Ó ní a kò kó ọmọ wá sí ìlú òyìnbó kí wọ́n wá máa jó ijó ọmọ ìta. Àwọn ọmọ náà kó bàtà wọn, wọ́n sì jáde sínú òtútù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ pé kí á jẹ́ kí àwọn máa lo gbọ̀ngàn kékeré lọ́sàn-án Sátidé láti fi ijó náà dánra wò. A kò tíì dá wọn lóhùn. Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a óò dìbò lé e, mo sì rò pé kí á tó dìbò, ó yẹ kí á mọ ohun tí à ń dìbò lé.

Kí n jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ní nǹkan bí ọdún 1986, nígbà tí mo wà lọ́mọ kékeré ní Ìbàdàn, kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan tó ń jẹ́ Breakin' wọ àdúgbò wa. Ilé kan ṣoṣo ló ní ẹ̀rọ fídíò ní ọ̀nà wa, ibẹ̀ ni gbogbo ọmọdé sì ń kóra jọ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wo fíìmù náà títí ó fi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó wá páálí fìríìjì kan, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì ń fi ẹ̀yìn yí lórí rẹ̀ bí òkòtó. Bàbá wa, tó jẹ́ tíṣà, ká a mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n fa páálí náà ya, wọ́n sì nà án ní pàṣán mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò yàtọ̀ sí èyí tí a gbọ́ níbi àríyá wa: ijó ọmọ ìta. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò jó mọ́, kì í tilẹ̀ í ṣe ijó yẹn nìkan. Níbi ìgbéyàwó tirẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ń rìn ni.

Ta wá ni àwọn ọmọ ìta tó kọ́kọ́ jó o? Ìlú New York ni ẹ jẹ́ kí á lọ, sí apá àríwá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bronx.

Láti 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà mọ́tò ńlá kan, Cross Bronx Expressway, gba àárín àdúgbò náà kọjá. Robert Moses ni orúkọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ń pè ní East Tremont nìkan, tí kò gùn ju nǹkan bíi máìlì kan lọ, ìdílé 1,530 ni wọ́n lé kúrò nínú ilé wọn. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn tó kù níbẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn ará Puerto Rico, àti àwọn tó ń ti àwọn erékùṣù Caribbean dé. Iṣẹ́ wọ́n, owó ilé kò wọlé bí ó ti yẹ, àwọn onílé mìíràn sì wá rí i pé owó ìnṣọ́ránsì ilé tó jóná pọ̀ ju owó tí ayálégbé ń san lọ. Iná bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ìjọba ìlú tún ti àwọn iléeṣẹ́ panápaná kan pa, wọ́n ní kò sówó. Láàárín 1970 sí 1980, àgbègbè 44 nínú àwọn àgbègbè tí wọ́n fi ń ka èèyàn ní Bronx pàdánù ju ìdajì ilé wọn lọ. Nígbà tí Ààrẹ Jimmy Carter lọ wo Charlotte Street ní oṣù Kẹwàá 1977, òkìtì bíríkì àti ilẹ̀ òfìfo ni ó bá.

Inú irú ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń dàgbà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ìjà sílẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, ọmọ tó bá ṣèèṣì wọ òpópónà tí kì í ṣe tirẹ̀ lè má padà délé ní àlàáfíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá 1971, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, Ghetto Brothers, rán ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan lọ parí ìjà. Cornell Benjamin ni orúkọ rẹ̀, Black Benjie ni wọ́n ń pè é. Wọ́n lù ú pa níbẹ̀. Gbogbo Bronx ń retí pé ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn. Ṣùgbọ́n àwọn olórí Ghetto Brothers kò gbẹ̀san. Wọ́n pe gbogbo àwọn olórí ẹgbẹ́ ìjà jọ sí Hoe Avenue ní ọjọ́ 8 oṣù náà, wọ́n sì ṣe àdéhùn àlàáfíà. Àlàáfíà náà kò pé délẹ̀délẹ̀, ìjà ṣì ń ṣẹlẹ̀ níbí àti lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, ọmọ àdúgbò kan ti wá lè gba àdúgbò mìíràn kọjá lọ sóde àríyá. Àwọn tó ń sọ ìtàn ijó yìí kì í sábà dúró níbẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Bí kò bá sí ọ̀nà láti rìn dé òde, ta ni yóò jó?

Ní 1967, ọmọ ọdún 12 kan tó ń jẹ́ Clive Campbell ti Kingston ní Jamaica dé Bronx. Ìyá rẹ̀ ló ti ṣáájú lọ sí New York, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, kí ó tó ránṣẹ́ wá mú ọmọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ ná. Mélòó nínú wa ni ìtàn yìí kì í ṣe tiwa? Ní iléèwé, wọ́n ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń tẹ́tí sí rédíò kí ó lè kọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Hercules. Nígbà tó yá, ó di Kool Herc.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Cindy, ló gbé ọ̀rọ̀ òde jáde. Iléèwé fẹ́ wọlé, ó sì ń fẹ́ aṣọ tuntun. Ó gba gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, nọ́ńbà 1520 ní Sedgwick Avenue, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá lu àwo orin. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1973 ni. Obìnrin ń san sẹ́ǹtì 25, ọkùnrin ń san 50. Òde tí ọmọ iléèwé ṣe láti fi wá owó aṣọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní ń pè ní ọjọ́ ìbí hip-hop.

Kí ni Herc ṣe tí ẹlòmíràn kò ṣe? Ó ṣàkíyèsí pé bí orin bá ń lọ, àwọn kan kàn ń fara ti ògiri, wọ́n ń dúró. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni ibi tí akọrin àti onígìtá bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan. Ẹ̀yin ọlọ́jùjú àti onífújì mọ ibẹ̀ dáadáa: ibi tí onísákárà tàbí onígángan bá ti gba agbo, tí ẹni tó jókòó kò lè jókòó mọ́. Break ni àwọn ará Bronx ń pe ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwo orin, kì í pẹ́ rárá, o kò tíì nasẹ̀ tán tí akọrin yóò ti padà dé. Herc wá ra àwo kan náà ní méjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí break bá ti tán lórí ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ti bẹ̀rẹ̀ lórí ti ọwọ́ òsì; kí ti òsì tó tán, ó ti dá ti ọ̀tún padà sẹ́yìn. Báyìí ni ìlù ìṣẹ́jú kékeré ṣe di ìlù tó lè gun bó bá ṣe wù ú. Orin James Brown kan, Give It Up or Turnit a Loose, àti Apache tí Incredible Bongo Band gbé jáde ní 1973 wà lára àwọn tó fi ń dárà yìí.

Àwọn tó ń dúró de break ni ó sọ ní b-boy àti b-girl. B yẹn, break ló dúró fún. Ní èdè ìgboro ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tún túmọ̀ sí pé kí ara ènìyàn gbóná, kí orí rẹ̀ wú. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gba òkìkí ni ìbejì kan, Keith àti Kevin Smith. (Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ ò rí i pé ọmọ yín ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.) Lórí ìdúró ni ijó náà wà púpọ̀ nígbà náà, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, bó bá wá dé ibi tó dùn, wọn a wó lulẹ̀ lójijì, wọn a sì tún dìde kí ìlù tó yí.

James Brown ni wọ́n ń fara wé. Orin rẹ̀ Get on the Good Foot jáde ní 1972, kò sì sí ọmọ Bronx tí kò fẹ́ ní irú ẹsẹ̀ rẹ̀. Níbí ni okùn tín-ín-rín kan ti so mọ́ ilé. Geraldo Pino, ará Sierra Leone, ló gbé irú orin James Brown wọ Èkó ní àwọn ọdún 1960, Fẹlá fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọkùnrin náà kó ìrònú bá òun. Nígbà tó di 1970, James Brown àti àwọn olórin rẹ̀ wá ṣeré ní Nàìjíríà, àwọn kan nínú wọn sì lọ wo Fẹlá níbi tó ti ń ṣeré. Ta ló kọ́ lára ta? Àríyànjiyàn ìyẹn kò tíì tán. Èyí tó dájú ni pé wọ́n gbọ́ ara wọn.

Bí àwọn ọdún 1970 ṣe ń parí lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó bẹ̀rẹ̀ ijó náà ti ń fi í sílẹ̀, nítorí àṣà ìgboro kì í pẹ́ gbó. Àwọn ọmọ Puerto Rico tó ń gbé àdúgbò kan náà ló gbà á, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ijó ilẹ̀. Wọ́n ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀: ní Brooklyn, àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó ijó kan tí wọ́n ń pè ní rocking, níbi tí ẹni méjì ti ń kojú ara wọn, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni fẹ́ gún ara wọn tàbí ta ara wọn nípàá, láìfọwọ́ kan ara wọn. Wọ́n tún ń wo fíìmù kung fu àwọn ará Ṣáínà, wọ́n ń mú nínú rẹ̀. Ní 1977, ọmọ méjì tí inagijẹ wọn ń jẹ́ Jimmy D àti Jojo dá ẹgbẹ́ Rock Steady Crew sílẹ̀ ní Bronx. Ẹni tó wá mú un dúró ni Richard Colón, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Crazy Legs: nígbà tí ijó náà fẹ́ kú, ó ń wá àwọn ajó kiri láti bá wọn figa gbága. Ní oṣù Kẹjọ 1981, ẹgbẹ́ rẹ̀ bá Dynamic Rockers ti Queens díje ní gbangba ìta Lincoln Center, níbi tí àwọn olówó New York ti ń wo ijó òyìnbó àtayébáyé. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí agbo náà ṣe rí, nítorí bí a bá ń wò ó láti òkèèrè, ó dà bí ìdàrúdàpọ̀. Agbo ni wọ́n ń ṣe, bí tiwa. Ẹnì kan ni yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan. Lórí ìdúró ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pe ìyẹn ní toprock. Ibẹ̀ ni yóò ti fi han àwọn èèyàn pé òun gbọ́ ìlù. Lẹ́yìn náà yóò lọ sílẹ̀, ọwọ́ yóò gbé ara ró, ẹsẹ̀ yóò sì máa yípo nínú ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀. Ìgbà náà ni ti agbára tó dé: kí ó fi èjìká àti ẹ̀yìn yí bí ọlọ, tàbí kí ó fi àtàrí yí. Yóò wá parí rẹ̀ nípa dídúró gbọn-in lójijì lórí ìlù, bí ère. Ẹni kejì yóò wọlé, yóò dá a lóhùn. Wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara wọn. Èyí tó burú jù ni kí o jí eré ẹlòmíràn ṣe. Biting ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé o jẹ oúnjẹ olóúnjẹ, ojú yóò sì tì ọ́ níwájú gbogbo agbo. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn eégún aláré ṣe máa ń ta òkìtì, tí wọ́n ń fi dídán hàn tí onílù sì ń tọ ẹsẹ̀ wọn, kò ní ṣaláìmọ ohun tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ju ẹyọ kan lọ nínú ẹgbẹ́ wa pé ijó yìí, ọ̀dọ̀ wa ló ti lọ, pé àwọn ẹrú ló gbé e dé Brazil ní orúkọ capoeira, tó fi dé Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, Angola ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí fún gbòǹgbò capoeira, kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá. Èkejì, Crazy Legs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé àwọn kò mọ capoeira nígbà tí àwọn ń kọ́ ijó yìí. A ní ogún tó pọ̀ ní Bahia àti Havana tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ wa. Kò sí ìdí tí a óò fi mú ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ Bronx ló ṣe èyí.

Nǹkan mìíràn tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ ni pé, kì í ṣe gbogbo ohun tí à ń pè ní breakdance ló ti Bronx wá. Ní Los Angeles, ní nǹkan bí 1970, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Don Campbell ń gbìyànjú láti jó ijó tó wà lóde nígbà náà, Funky Chicken. Kò mọ̀ ọ́n jó. Apá rẹ̀ ń dúró gan ní àárín ijó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣe é. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe náà ló di locking. Òun àti Toni Basil dá ẹgbẹ́ The Lockers sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì gbé wọn dé gbogbo ilé. Don Campbell kú ní oṣù Kẹta 2020. Ní Fresno, Sam Solomon tí wọ́n ń pè ní Boogaloo Sam dá ẹgbẹ́ Electric Boogaloos sílẹ̀ ní 1977, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Popin' Pete sì dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn náà. Àwọn ló mú popping, gbígbọn iṣan ara tẹ̀lé ìlù, di ohun tí ayé mọ̀. Fíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi wò ní Ìbàdàn, ti California yìí ló pọ̀ nínú rẹ̀. Shabba-Doo tó ṣe olórí òṣèré nínú rẹ̀ ti wà nínú The Lockers rí.

Ní 1983 àti 1984, ariwo náà dé gbogbo ayé. Flashdance, Wild Style, Beat Street, Breakin', lọ́kọ̀ọ̀kan wọ́n ń jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, Jeffrey Daniel ti ẹgbẹ́ Shalamar ti jó lórí Top of the Pops ní 1982, ó fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn bí ẹni tó ń rìn lórí yìnyín, ọdún kan kí Michael Jackson tó ṣe irú rẹ̀ níwájú ayé. Jeffrey Daniel yìí kan náà ló wá jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ Nigerian Idol ní Èkó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1983, Rock Steady Crew jó níwájú Ọbabìnrin Elizabeth níbi Royal Variety Performance. Àwọn ọmọ tí iléèwé wọn kò rówó ra fèrè dé iwájú ọba.

Kò ju ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà lọ tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà fi ní ijó náà ti kú. Lọ́dọ̀ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lóòótọ́. Àwọn ará Yúróòpù àti Japan ló tọ́jú rẹ̀: ní 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Battle of the Year ní Hannover ní Jámánì, ní 2004 sì ni Sadler's Wells, ilé ijó àgbà ní London, bẹ̀rẹ̀ Breakin' Convention lábẹ́ Jonzi D. Ní Los Angeles pẹ̀lú, lẹ́yìn rògbòdìyàn 1992, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tommy the Clown kun ojú rẹ̀, ó ń jó fún àwọn ọmọdé níbi ọjọ́ ìbí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló wá yọ krump jáde, ijó tó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ìjà ni. Ó ń yí, ó ń dàgbà, bí èdè ni.

A ní tiwa náà nílé. Ajégúnlẹ̀ ni galala ti jáde, Daddy Showkey sì gbé e káàkiri ní àwọn ọdún 1990. Ní 2018, Zlatan sọ Zanku di ohun tí ọmọdé àtàgbà ń fi ẹsẹ̀ lù mọ́lẹ̀. Ìgboro ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹni tó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ orin lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i nígbà tó ń jó Zanku ní wákàtí méjì sẹ́yìn. Ó jó o dáadáa pàápàá.

Ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Kẹjọ 2024 ni ijó yìí dé Òlíḿpíìkì, ní Place de la Concorde ní Paris. Ami Yuasa ti Japan ló gba góòlù àwọn obìnrin, Philip Kim ti Kánádà, tí wọ́n ń pè ní Phil Wizard, ló gba ti ọkùnrin. Amẹ́ríkà tó bí ijó náà, bàbà kan ṣoṣo ló mú lọ sílé, nípasẹ̀ Victor Montalvo, ọmọ ará Mexico kan tí òun náà jẹ́ b-boy. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí obìnrin Australia tí kò gba máàkì kankan, wọ́n fi ṣe ẹ̀rín títí. Èmi, Manizha Talash ni mo rántí. Kabul ló ti kọ́ ijó yìí, ó sá kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn tí Taliban gba ìjọba ní 2021, ẹgbẹ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ló sì jó fún. Ó tú aṣọ kan lára rẹ̀ tí ó kọ ọ́ sí pé kí wọ́n dá àwọn obìnrin Afghanistan sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje nítorí rẹ̀, nítorí òfin kò gba ọ̀rọ̀ òṣèlú níbẹ̀. Ijó náà kò sí nínú ètò Òlíḿpíìkì Los Angeles ti 2028, ìyẹn sì jẹ́ ohun ìyanu fún mi, nígbà tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ń gbé eré náà lọ.

Ẹ̀yin ìyá, mo mọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, iṣẹ́ mi sì ni láti má parọ́ fún yín. Ọrùn ọwọ́, èjìká àti orúnkún máa ń fara gbọgbẹ́ nínú ijó yìí. Ní 2024, àwọn dókítà ní Denmark kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tó ti ń fi orí yí fún ọdún tó lé ní 19. Irun àárín orí rẹ̀ ti re, kókó sì so níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Nítorí náà, kí ọmọ má fi orí yí láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ na ara, kí ilẹ̀ má le, kí ó má jó nígbà tí ọwọ́ bá ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ tún rántí pé eegun tí bọ́ọ̀lù ń ṣẹ́ kò kéré, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa pé kí á fòfin de bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá fọwọ́ sí lẹ́tà àwọn ọmọ náà, èmi yóò wà ní gbọ̀ngàn ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú àpótí oògùn mi.

Ní alẹ́ tí wọ́n jó àṣekágbá ti ọkùnrin ní Paris, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Houston. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. A wò ó pọ̀ lórí fóònù, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe fi lélẹ̀. Èmi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ lé." Ó tún dákẹ́. Ó wá béèrè iye tí wọ́n ń ta rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, èyí tó ń dán. Mo sọ fún un nípa lẹ́tà àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́yìn àríyá ìparí ọdún, nígbà tó sì di ọ̀sẹ̀ kejì, owó rọ́bà náà ti dé ọwọ́ mi. Ó ní kí n má sọ orúkọ òun. N kò sọ ọ́. Rọ́bà náà wà nínú gáráàjì mi, ó gùn tó mítà mẹ́rin, ó ń dúró de ìpàdé wa.